Ọjọ́ méje péré ní Ítálì: ẹ wá sọ bí tiyín ṣe lọ

Nọ́ọ̀sì Manchester

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ṣèlérí pé tí mo bá dé, màá wá ròyìn, torí ẹ̀yin náà lẹ tọ́ mi sọ́nà nígbà tí orí mi dàrú. Ó gùn díẹ̀, ẹ bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lífù ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo rí gbà níbi iṣẹ́. Tí mo bá yọ ọjọ́ tí mo fi sun oorun iṣẹ́ alẹ́ àti ọjọ́ tí mo fẹ́ fi fọṣọ kí n tó padà síṣẹ́, méje ló ṣẹ́ kù. Ètò tí mo kọ́kọ́ kọ sínú fóònù mi rèé: Milan, Venice, Pisa, Cinque Terre, Florence, Róòmù, Pompeii, Amalfi. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Padova ní Ítálì. Kò tiẹ̀ kí mi, ó kàn ní, "Àbúrò, ṣé ìsinmi lo ń bọ̀ wá ṣe ni, àbí o fẹ́ wá pín lẹ́tà?"

Inú bí mi. Lọ́jọ́ kejì mo pè é padà.

Ohun tó sọ ni pé kí n yé ka ọjọ́, alẹ́ tí màá sùn ni kí n máa kà. Ó ní ọjọ́ tí mo bá balẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí n má fi kún un. Ọjọ́ tí mò ń padà, aago ni màá máa wò títí. Gbogbo ìgbà tí mo bá sì kó ẹrù láti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ààbọ̀ ọjọ́ ti bá a lọ. Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré kò lò ju bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ láti Florence sí Róòmù. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka àkókò tí a fi di ẹrù, tí a fi wá ibùdókọ̀, tí a fi jókòó ti àpótí wa níwájú òtẹ́ẹ̀lì, nígbà tí wọn kì í sábà fúnni ní yàrá kó tó di aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́ nìyẹn. Cinque Terre ló kọ́kọ́ lọ. Milan tẹ̀ lé e, kò dùn mí rárá. Pompeii lọ. Amalfi ló dùn mí jù, torí àwòrán rẹ̀ ló ti wà lójú fóònù mi láti ọdún tó kọjá. Pisa, mo ní tí mo bá dé Florence tí ara sì le, màá yà síbẹ̀, nǹkan bíi wákàtí kan ni. (N ò yà.) Ó wá ku Venice alẹ́ kan, Florence alẹ́ méjì, Róòmù alẹ́ mẹ́ta.

Àwa tí pásípọ́ọ̀tì wa ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti físà kíákíá. Schengen ni, físà kan ṣoṣo tó ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, Ítálì náà wà níbẹ̀; 90 yúrò ni wọ́n ń gbà láti oṣù kẹfà ọdún 2024, yàtọ̀ sí owó ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn gba ìwé. Pé èèyàn ní ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò yọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ ìwé adójútòfò tó máa bo ìtọ́jú àìsàn tó tó 30,000 yúrò, ó kéré tán. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò. Oṣù mẹ́rin ni èmi fi ṣáájú, ọpẹ́ ni mo dú, torí ọjọ́ tí wọ́n máa dáni láti wá tẹ ìka ló pẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì tí mo lè fagi lé láìsan kọ́bọ̀ ni mo sì gbà sílẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sí wàhálà rèé. Róòmù ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dé. Mo fi ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican sí àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, mo fi Uffizi, ilé àwòrán ní Florence, sí Ọjọ́ Ajé. Alẹ́ tí mo fẹ́ sanwó ni mo rí i pé Vatican kì í ṣí ní Ọjọ́ Àìkú, àfi Àìkú tó kẹ́yìn oṣù, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ìlà rẹ̀ sì ń rí bíi ti bẹntiróò nígbà ọ̀wọ́ngógó. Uffizi kì í ṣí ní Ọjọ́ Ajé. Accademia tí ère Dáfídì wà náà kì í ṣí lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò bá fi máa wo ilẹ̀kùn títì! Mo dojú ètò náà délẹ̀: Venice ní Ọjọ́bọ̀, Florence ní Ẹtì àti Àbámẹ́ta, Róòmù láti ọ̀sán Àìkú, kí n wọ bàálù padà láti Róòmù ní Ọjọ́rú. Tíkẹ́ẹ̀tì tó balẹ̀ sí ìlú kan tó sì gbéra láti òmíràn fi díẹ̀ wọ́n ju alọ-àbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí pé mò ń fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin padà sí Venice torí bàálù.

Venice: ẹ sùn níbẹ̀ o, kódà kó jẹ́ alẹ́ kan. Lọ́sàn-án, èjìká ń gbá èjìká bí ọjà Ọjà-Ọba. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án alẹ́, àwọn tó wá fún ọjọ́ kan ti wọkọ̀ lọ, mo sì ń gbọ́ bí omi ṣe ń lá ara ògiri ilé. Láti ọdún 2024 ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń wọ̀lú láìsùn níbẹ̀, láwọn ọjọ́ kan nínú ọdún. Ẹni tó bá sùn kì í san ìyẹn.

Florence ni mo fẹ́ sọ gan-an. Ẹ ti rí àwòrán ère Dáfídì, èmi náà ti rí i títí ó fi sú mi. Michelangelo gbẹ́ ẹ láàárín 1501 sí 1504, láti ara òkúta tí àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n pa tì. Ó ga ju mítà márùn-ún lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún mi nípa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ yẹn rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, gbogbo iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ ló yọ síta, lórí òkúta o! Mo dúró síbẹ̀, mo ń wá ibi tí màá gún abẹ́rẹ́ omi sí. Ogún ọdún tí mo ti ń fọwọ́ tẹ ọwọ́ aláìsàn kiri, tí gbogbo wọn bá ní irú iṣan yìí, mi ò bá ti máa tètè délé. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni mo lò nídìí ọwọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ ètò ìlú mẹ́jọ yẹn ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mi ò bá lò, màá ti sáré lọ wọkọ̀.

Róòmù ni mo ti ṣe àṣejù. Ọjọ́ Ajé, Vatican láàárọ̀, Pantheon lọ́sàn-án, Trevi nírọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí n tó lọ jẹun. Tòun ti bàtà ni mo jí láago mẹ́rin ìdájí, ebi sì ń pa mí bí ẹni tó gbààwẹ̀. Ọjọ́ kejì, Colosseum nìkan ni mo ṣe. Ẹ tètè ra ìyẹn o, aago wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, orúkọ wà lára rẹ̀, ẹ mú pásípọ́ọ̀tì dání.

Àkànní

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú àbọ̀. Ẹ̀yin ní ẹ̀gbọ́n ní Padova. Èmi, orí ara mi ni mo fi ṣètò, ẹ wá gbọ́.

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù olówó pọ́ọ́kú sí "Milan". Aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo balẹ̀. Mo wò yíká, Bergamo ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bergamo kẹ̀! Ìlú tí Ademola Lookman ti gbá bọ́ọ̀lù fún Atalanta, lọ́dún 2024 tó fi góòlù mẹ́ta gba ife Europa League fún wọn, ohun tí mo mọ̀ nípa ibẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì tó gbé mi dé Milan sún mọ́ wákàtí kan. Òtẹ́ẹ̀lì ti ti ilẹ̀kùn. Mo tẹ aago títí bàbá kan fi yọ jáde pẹ̀lú aṣọ oorun, ó wò mí tìka-tẹ̀gbin.

Venice tèmi ńkọ́? Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Mestre. Mo rí "Venezia" lára pátákó, mo fò sílẹ̀. Títì, mọ́tò, ilé alájà, kò sí omi níbì kankan. Mo ń bi ara mi pé ṣé èyí náà ni gbogbo ayé ń pariwo? Mestre wà lórí ilẹ̀, ẹ̀yin ará. Santa Lucia lẹ máa sọ̀ sí, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Mestre kò burú fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ rọjú, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé òun lẹ gbà.

Èyí tó wá dùn mí jù: tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé ti ọkọ̀ tó ń yà ní gbogbo ibùdó. Mo ti sanwó, tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ mi. Àfi bí alábòójútó ọkọ̀ ṣe yí i sọ́tùn-ún, yí i sósì, tó ní n ò tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ògiri nídìí ọkọ̀, inú rẹ̀ lèèyàn máa ti tíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ kó lè lu ọjọ́ àti aago sí i kí ọkọ̀ tó gbéra. Èmi ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yẹn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo fi ẹ̀yìn tì í, mò ń jẹ búrẹ́dì! Mo san owó ìtanràn. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ń sáré, tó ní nọ́ńbà ìjókòó, kò nílò ìyẹn.

Ìyá Ìbejì

Àkànní, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín.

Èmi mú màmá mi lọ. Ẹni ọdún 71, Kátólíìkì paraku, ará Òkè Pàdí n'Ìbàdàn. Nígbà tí mo sọ pé Venice, wọ́n ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ wò nínú omi?" Bí a ṣe lo ọjọ́ márààrún ní Róòmù nìyẹn, n ò sì kábàámọ̀ ẹyọ kan.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni Póòpù máa ń jáde sí àwọn èèyàn, nítorí náà Ọjọ́rú yẹn ni mo kọ́kọ́ kàn mọ́lẹ̀, mo wá to àwọn ọjọ́ yòókù yí i ká. Ọ̀fẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Láti aago méje la ti wà níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ funfun yẹn kọjá, Màmá kò ké, wọn ò ju ọwọ́, wọ́n kàn gbé rósárì wọn sókè, ọwọ́ ń gbọ̀n. N ò rí fọ́tò kankan yà, torí àwọn ni mò ń wò.

Ẹni tó bá ń mú àgbàlagbà lọ, ẹ fi sọ́kàn pé òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi tẹ́ ìgboro Róòmù, ó ń dun orúnkún. Ẹsẹ̀ kan lára àpótí mi dá síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, àtẹ̀gùn 551 ni. Ẹ̀rọ agbéniròkè ń gbéni dé àjà, 320 ló sì máa kù lẹ́yìn ìyẹn. A jókòó sísàlẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà pẹ̀lú èjìká tàbí orúnkún níta, ìborùn Màmá la sì fi gba ọmọbìnrin òyìnbó kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí Màmá ń ròyìn n'Ìbàdàn di òní, ẹ̀rọ omi ni. Òpó irin kékeré ni, ó wà káàkiri ìgboro, omi rẹ̀ ń ṣàn tọ̀sán-tòru, ó tutù, ó sì ṣeé mu. Nasone ni wọ́n ń pè é, ìyẹn imú ńlá, torí bí ẹnu rẹ̀ ṣe tẹ̀. Ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀, omi á fò jáde láti ihò kan lókè rẹ̀, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ rárá. Màmá ṣe é títí ọmọ kékeré kan fi wá tò sẹ́yìn wọn.

Àjọkẹ́ Torino

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi tí mò ń gbébẹ̀, díẹ̀ ni tèmi. Ẹ wò ó bóyá ìyanṣẹ́lódì wà lọ́sẹ̀ tí ẹ ń bọ̀, wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú, Ọjọ́ Ẹtì ló sì wọ́pọ̀ sí. Tó bá ká yín mọ́nà láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn ọkọ̀ ojú irin kan ṣì ń rìn láti mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀, àti mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ má yá mọ́tò wọ àárín ìlú: ibi tí wọ́n bá kọ ZTL sí, mọ́tò tí kò ní àṣẹ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, kámẹ́rà ni, ìwé ìtanràn á bá yín délé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Kọfí, ẹ mu ún lórí ìdúró níwájú káńtà, tí ẹ bá jókòó, owó lè lé. "Coperto" tí ẹ bá rí nínú bíìlì oúnjẹ kì í ṣe jìbìtì, owó orí tábìlì ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun gan-an. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ méjì, ọmọ ọdún mẹ́fà àti mẹ́sàn-án. Alẹ́ márùn-ún la ní. Mo ti kọ Róòmù, Florence àti Venice sílẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Nọ́ọ̀sì Manchester

Bọ̀ọ̀dá, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa gbé ọmọ àti àpótí gun afárá. Ẹ yọ Venice. Ẹ fi alẹ́ márààrún sí Róòmù, kí ẹ wá fi ọjọ́ kan lọ Florence, lọ-bọ̀, láìgbé ẹrù. Tàbí kí ẹ lọ Pompeii dípò rẹ̀: ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré ń lo bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá dé Napoli, kí ẹ tún wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré dé ẹnu géètì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa fẹ́ràn ìlú tí òkè oníná bò mọ́lẹ̀ ju àwòrán Uffizi lọ. Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ lẹ máa balẹ̀? Ẹ sọ ọ́ ká tó wo ti Vatican.