Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: gígun Òkè Ìdànrè lọ wo ìlú àtijọ́

Àjíṣe: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́rin, tí ọmọ ọdún mẹ́wàá wà nínú wa, fẹ́ lọ wo ìlú àtijọ́ tó wà lórí Òkè Ìdànrè. Ìgbà wo ló dáa? Kí la máa gbé dání? Níbo sì ni odi ìlú náà wà?

Baba Àkúrẹ́: Ẹ sùn ní Àkúrẹ́, ibẹ̀ ò jìnnà. Ẹ ti wà ní ẹsẹ̀ òkè kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, torí àpáta náà a máa gba oòrùn mọ́ra. Tó bá di ọ̀sán, ooru á máa ti ara àpáta jó yín. Oṣù kọkànlá ni mo fara mọ́ jù. Lóṣù kìíní, ọyẹ́ lè bojú, ẹ ò ní rí ọ̀ọ́kán. Lásìkò òjò, ibi tí omi ń ṣàn gbà a máa yọ̀ bí ilá. Omi lítà méjì fún ẹnì kan, owó lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì: Àtẹ̀gùn náà lé ní 600. Ẹlòmíì á ní 667, ẹlòmíì á ní 682. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà, ẹ jókòó ní gbogbo wọn. Ibi tí àtẹ̀gùn parí sí kọ́ ni ìlú bẹ̀rẹ̀ o! Ìrìn ṣì kù lórí àpáta kẹ́ ẹ tó dé ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè. Àwọn tó sáré gun àtẹ̀gùn ló ń padà níbẹ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni kẹ́ ẹ wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà.

Ará Òkè: Ẹ má wá odi amọ̀ kiri. Àpáta gan-an ni odi àwọn ará Ìdànrè. Ọ̀nà tó gòkè ò pọ̀, ó tún há, ọ̀tá á ti hàn kó tó dé. Òkè yẹn ni wọ́n wà títí di nǹkan bí ọdún 1923 sí 1933 tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ ṣì wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ti wó: bí òrùlé bá ti ṣí, òjò á jẹ ògiri amọ̀. Nítorí náà, ẹ má fara ti ògiri kankan. Ẹ gba amọ̀nà níbi tẹ́ ẹ ti san owó ìwọlé. Láìsí i, ẹ lè kọjá lára ojú ẹsẹ̀ Agboogun, ẹni inú ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn, láìmọ̀. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, àfi ti àjẹ́. Ẹ bi amọ̀nà yín kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò ojúbọ.

Àjíṣe: Ẹ ṣé gan-an. Ọmọ náà ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Á gùn ún. Sísọ̀ ló le, orúnkún á máa gbọ̀n. Kó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, kí àgbàlagbà kan sì ṣáájú rẹ̀.