Látìgbà tí ooru ti dé ni omi pọ́ǹdù mi ti ń di gríìnì, kí ló fà á?

Ìyá Ẹlẹ́ja Kubwa: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Kubwa ni mo wà, ẹja àrọ̀ ni mò ń sìn nínú pọ́ǹdù oníkọ́ńkéré. Nígbà ọyẹ́ omi yẹn mọ́ débi pé mò ń rí ìsàlẹ̀, àmọ́ nísinsìnyí tí Máàṣì ti dé, tí mo bá pààrọ̀ ẹ̀ lónìí, kí ọ̀sẹ̀ tó parí á ti rí bí omi ewédú, tó bá wá di ìdájí àwọn ẹja á máa yọ ẹnu sókè. Oúnjẹ tí mò ń fún wọn ò yí padà o. Ṣé ooru nìkan lè fa eléyìí?

Àlàbí Zaria: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ooru lọ́wọ́ sí i dáadáa. Algae, ìyẹn àwọn nǹkan abẹ̀mí kéékèèké aláwọ̀ ewé tó ń gbé inú omi, ló sọ omi yín di gríìnì, pínpín ló sì ń fi bí sí i, irú tí wọ́n ń pè ní Chlorella, ọ̀kan ṣoṣo lè pín sí mẹ́rin nínú ara ẹ̀ kó tó bẹ́ jáde. Tí omi bá fi nǹkan bí 10°C gbóná sí i, eré tó fi ń pọ̀ lè di ìlọ́po méjì. Ẹ wò ó báyìí: tó bá ń di ìlọ́po méjì ní ọjọ́ méjì-méjì, ọ̀kan á di 16 lọ́jọ́ mẹ́jọ, àmọ́ tó bá lọ ń ṣe é lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́jọ yẹn náà á sọ ọ́ di 256! Ọ̀pọ̀ wọn ló fẹ́ràn 25 sí 30°C, tó bá ti ń kọjá 35 báyìí, ara ọ̀pọ̀ wọn ò ní gbà á mọ́.

Bàbá Pọ́ǹdù Minna: Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ooru ò lè dá a ṣe. Tí náítírójìn àti fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì ò bá sí nínú omi, kò sóhun tí algae máa jẹ. Nínú ọyẹ́ ẹja kì í jẹun tó bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń da iye kan náà sí i, èyí tó ṣẹ́kù á wà nísàlẹ̀, ìgbà tí ooru bá wá dé á jẹrà kíákíá, oúnjẹ algae nìyẹn. Ẹ bu omi bòhóòlù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, omi pọ́ǹdù sínú ìkejì, ẹ gbé méjèèjì sóòrùn, ẹ máa rí i fúnra yín.

Ìyá Ẹlẹ́ja Kubwa: Ẹ ṣeun. Ṣebí wọ́n ní algae ń mú ọ́síjìn wá, kí ló wá dé tí ẹja ń wá afẹ́fẹ́?

Àlàbí Zaria: Ọ̀sán ló ń mú un wá mà, tílẹ̀ bá ti ṣú òun náà á máa fà á, ìdájí ló sì máa ń kéré jù. Omi gbígbóná gan-an kì í gba ọ́síjìn púpọ̀, ní 20°C ó lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 nínú lítà kan, ní 30°C kò ju bíi 7.5 lọ. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè ni ò jẹ́ kí wọ́n tíì kú, ká ní tílápíà ni!

Bàbá Pọ́ǹdù Minna: Ẹ gbá ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ṣíji bo apá kan, ẹ sì dín oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da kẹ́míkà pa algae yẹn lẹ́ẹ̀kan náà o, tó bá kú tó ń jẹrà, ìwọ̀nba ọ́síjìn tó kù ló máa fà tán.