Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, kí lojú yín ti rí nípa tramadol àti codeine, àwọn oògùn ìrora táwọn kan ń lò nílòkulò?

Ọmọ Ìjẹùn: Ẹ kú ilé o. Ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n má ṣe omi ikọ́ oní-codeine mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì kó o wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ń já wọ ilé ìkẹ́rùsí kiri. Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀ ládùúgbò yín? Ohun tójú yín rí ni kí ẹ sọ o, kì í ṣe èyí tí ẹ gbọ́ lẹ́nu èèyàn.

Ará Pànṣẹ́kẹ́: Ìyàtọ̀ tí mo rí ò ju pé owó ẹ̀ ti wọ́n lọ.

Aládìrẹ Ìtòkú: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Àbúrò mi ọkùnrin ni, èyí tí mo pọ̀n dàgbà. Ìdí iṣẹ́ bulọ́ọ̀kù ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní tó bá gbé tramadol mì, kò ní rẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn ò ní dùn ún. Òótọ́ ni, kò rẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan ló ń lò tẹ́lẹ̀, ó di méjì, ó di mẹ́ta. Èyí tí wọ́n ń pè ní 225 ni, ìyẹn mílígíráàmù 225, bẹ́ẹ̀ 50 àti 100 nìkan ni NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fọwọ́ sí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ri aṣọ sínú aró lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ gbì. Mo sáré wọlé, mo bá a nílẹ̀. Gìrì ti mú un, eyín ẹ̀ há pọ̀, ìfófòó ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Ìyá wa gbé ṣíbí, aládùúgbò kan bu epo pupa wá, ẹnìkan ń pariwo pé ká wá mílíìkì. Èmi fi ọwọ́ aró yẹn di èjìká ẹ̀ mú. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀. Ìka mi márààrún ṣì wà lára ẹ̀ dòní. Mo ti fọ̀ ọ́ títí, kò lọ.

Ìyá Ìbejì Aṣẹ́rò: Háà! Ẹ kú àjálù. Ara ẹ̀ ti wá yá báyìí? Ẹ má fi wá sílẹ̀ síbẹ̀ yẹn o.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnu ẹni tí gìrì mú. Ẹ má bu epo tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Tramadol fúnra ẹ̀ máa ń fa gìrì tó bá ti pọ̀ jù lára.

Ọmọ Lafẹ́nwá: Màmá, ṣíbí ni wọ́n fi gba bàbá mi là nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì: Ọlọ́run ló gbà wọ́n là. Mo ti rí eyín tó kán sí ọ̀nà ọ̀fun.

Aládìrẹ Ìtòkú: Ìyá Ìbejì, ó yè. Mo ní ká gbé e lọ sí Àrò, ọsibítù àìsàn ọpọlọ. Ìyá wa fárí gá pé, "Ọmọ mi ò ya wèrè." Oṣù mẹ́rin la fi fa ọ̀rọ̀ yẹn. Gìrì mú un lẹ́ẹ̀mejì sí i nínú oṣù mẹ́rin ọ̀hún.

Ọmọ Àrò Gangan: Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Tí ọmọdé bá ṣìwà hù nílé ìwé, wọ́n á ní Àrò ló kàn. Àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe àtìmọ́lé. Ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò tí aláìsàn fi ń gbé láàárín ará abúlé, tí ìbátan ẹ̀ á wà lọ́dọ̀ ẹ̀, á máa se oúnjẹ fún un. Ìyá mi àgbà gba irú wọn sílé. Wọ́n sọ fún wa pé ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń hun apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún wà níbẹ̀ báyìí. Kí ló wá ń tini lójú?

Ọlọ́kadà Ọbáńtokò: Èmi ò sọ pé kí wọ́n má lé àwọn tó ń tà á. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún mi, dókítà kọ tramadol 50 fún mi. Àwọn kan dá mi dúró lójú ọ̀nà, wọ́n bá páálí ẹ̀ lápò mi. Mo fi ìwé dókítà hàn wọ́n, wọn ò wò ó. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà títí ilẹ̀ fi ṣú, ojú abẹ ń ro mí.

Ọmọ Lafẹ́nwá: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé e mì ní gáréèjì, dókítà kankan ò kọ ọ́ fún wọn.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ òótọ́. Oògùn ìrora gidi ni wọ́n. Ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ níyà ò lè sùn láìsí irú wọn.

Ọmọ Ìyá Alákàrà: Marwa tó jẹ́ ọ̀gá NDLEA ti ń sọ ọ́ pé kí àfẹ́sọ́nà máa ṣe àyẹ̀wò oògùn olóró kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Àbúrò mi àti ìyàwó ẹ̀ ṣe é pẹ̀lú jẹ́nótáípù.

Ìyá Ìbejì Aṣẹ́rò: Tí wọ́n bá wá rí i lára ọkọ ìyàwó ńkọ́? Ṣé wọ́n á ní kó lọ gba ìtọ́jú, àbí wọ́n á kàn tú ẹbí ká?

Ọmọ Ìyá Alákàrà: Àwa ò tiẹ̀ bèèrè ìyẹn.

Ìyá Kẹ́míìsì: Àtàárọ̀ ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Èmi náà tà á. Omi ikọ́ oní-codeine ni. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin lójoojúmọ́, àwọn ọmọbìnrin méjì máa ń wá ra ìgò mẹ́rin. Mi ò gbọ́ kí wọ́n wúkọ́ rí. Mo mọ̀, mo sì ń gbowó. Nígbà tí òfin dé, mo dá èyí tó kù nù. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀kan nínú wọn padà wá. Ó ń yán ṣáá, ikun ń dà nímú ẹ̀, òógùn bò ó, bẹ́ẹ̀ ni òtútù ń mú un, gbogbo apá ẹ̀ yọ bí awọ adìyẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́. Ó kúnlẹ̀. Ó ní kí n ṣáà fún òun ní ohunkóhun. Mi ò mọ ibi tí mo lè júwe fún un. Mo ti ilẹ̀kùn. Mi ò rí i mọ́.

Ọmọ Lafẹ́nwá: Ẹ má bínú o, mà, irú yín ló kó wa sí i.

Ìyá Ìbejì Aṣẹ́rò: Ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Ẹni mélòó ló tà á tó lè jẹ́wọ́ ní gbangba?

Ọmọ Àrò Gangan: Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní ibi tí wọ́n lè júwe. Ìjọba gba ìgò lọ́wọ́ ọmọ yẹn, kò na ọwọ́ mìíràn sí i.

Ọmọ Ìjẹùn: Ohun tó mú mi bi ìbéèrè gan-an nìyẹn. Ìwádìí tí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba, àti UNODC, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé àwọn tó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà tó 14.3 mílíọ̀nù. Nínú wọn, 4.6 mílíọ̀nù ló lo irú tramadol àti codeine yìí láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó. Ìhà tiwa níbí ni lílo oògùn olóró ti pọ̀ jù lọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n wo ló gba 4.6 mílíọ̀nù?

Ọlọ́kadà Ọbáńtokò: NDLEA ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí èèyàn lè pè tọ̀sán-tòru fún ìrànlọ́wọ́. Mo rí i lára pátákó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn láti pè é, torí àwọn kan náà ló ń múni.

Ará Pànṣẹ́kẹ́: Àǹtí Aládìrẹ, báwo ni àbúrò yín ṣe wà báyìí?

Aládìrẹ Ìtòkú: Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí a gbé e lọ sí Àrò. Ó ṣubú padà lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ìyá wa kú. Fúnra ẹ̀ ló ní kí n mú òun padà lọ. Ó ń bá mi lu aṣọ báyìí.

Ará Pànṣẹ́kẹ́: Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà. Ọ̀rọ̀ owó tí mo kọ́kọ́ sọ yẹn, ẹrù ilé wa ló ń tà láti fi rà á. Ó gbà lánàá pé òun máa tẹ̀ lé mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀.

Aládìrẹ Ìtòkú: Ẹ pàdé mi ní Kútọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, aago méje. Màá bá yín lọ. Ẹ má jẹ́ kó fúnra ẹ̀ jáwọ́ lójijì kó tó dìgbà yẹn o, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i ná. Ẹ mú súwẹ́tà dání fún un.