Bàbá mi ṣe alága káńsù rí, báńkì wá ń bi mí bóyá PEP ni mí. Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Alága, Ìbàdàn

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí láti oṣù tó kọjá.

Mo lọ ṣí àkáǹtì fún ọjà mi. Àdìrẹ ni mo ń ṣe. Mo ń kọ fọ́ọ̀mù lọ wéréwéré títí mo fi dé ìlà kan: ṣé PEP ni mí, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mi ò gbọ́ ọ rí; ẹ̀yìn náà ni mo mọ̀ pé "politically exposed person" ni, ẹni tó wà tàbí tó ti wà nípò ńlá nínú ìjọba, tàbí ẹni tó sún mọ́ ọn. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ń ṣe òṣèlú ni?" Mo ní rárá o. Ó ní kí n fàmì sí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo sì fà á.

Bàbá mi ṣe alága káńsù fún ọdún mẹ́ta. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti kúrò níbẹ̀, oko kòkó ló padà sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá fi owó ránṣẹ́ sí mi kí n fi kún ọjà. Owó wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ sanwó fún ẹni tó kó aṣọ funfun fún mi, kò lọ. Mo dé báńkì, máníjà pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí ló dé tí mo fi ẹni tí bàbá mi jẹ́ pamọ́. Ó wá dà bí ẹni pé wọ́n ká olè mọ́lé. Mi ò tíì lè sọ fún Bàbá.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn jẹ́ ọmọ ẹni tó sin ìlú?

Òṣìṣẹ́ Báńkì

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí wa. Irú fáìlì yín ló ń gba ọwọ́ mi kọjá lójoojúmọ́, ọdún kọkànlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ẹni tó ní kí ẹ fàmì sí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣì yín lọ́nà. Ohun tó yẹ kó bi yín ni bóyá ẹ̀yin, òbí yín, ọkọ yín, ọmọ yín tàbí ẹni tí ẹ jọ ń da owó pọ̀ wà nípò ìjọba tàbí ti wà níbẹ̀ rí.

Nínú ìlànà tí CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, gbé lé wa lọ́wọ́ ní 2013, alága ìjọba ìbílẹ̀ wà nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ, pẹ̀lú gómìnà, adájọ́, ọ̀gá ológun, ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba àti àwọn abẹnugan ẹgbẹ́ òṣèlú. Wọ́n fi mọ̀lẹ́bí wọn àti alájọṣe wọn tímọ́tímọ́ kún un. Ibẹ̀ lẹ ti wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti wá, torí ó ń dùn mí tí àwọn èèyàn bá ní òyìnbó ló gbé e dé. Owó tiwa ló fà á. Lẹ́yìn ikú Abacha ní 1998, ayé rí i pé owó ìlú ti fọ́n káàkiri báńkì òkèèrè. Ní 2001, àwọn tó ń ṣọ́ báńkì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé báńkì 23 níbẹ̀ ni owó tó jẹ mọ́ ìdílé Abacha àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbà kọjá, àti pé 15 nínú wọn ni kò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn dáadáa. Iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2003, FATF, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti fífi báńkì fọ owó ìdọ̀tí mọ́, ní kí báńkì máa yẹ àwọn èèyàn ńlá láti ilẹ̀ òkèèrè wò. Ní 2012 wọ́n fi tilé kún un. FATF ò fi gbèdéke ọdún sí i. Bí ewu ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ní ká wò.

Tí ẹ bá fàmì sí bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá àgbà ló máa fọwọ́ sí àkáǹtì yín, ẹ ó sì fi ibi tí owó ti wá hàn. Ẹ lọ bá Bàbá. Ẹ má dá jìyà.

Ọmọọba, Ìjẹ̀bú

Òṣìṣẹ́ Báńkì, ẹ ti gbàgbé láti dárúkọ ìdílé ọba. Ó wà nínú ìlànà kan náà. Èmi kọ "Prince" síwájú orúkọ mi, ni wọ́n bá ní kí n jókòó. Ilé mẹ́rin ló ń jọba nílùú wa, ọba tó wà lórí oyè kò sì ti ilé wa wá. Mo ṣàlàyé, àlàyé ò tán. Nílẹ̀ Yorùbá níbi tí agbo ilé odindi ti jẹ́ ọmọ ọba, ó yẹ kí wọ́n là á yé wa ibi tí ìdílé ọba parí sí.

Ìyàwó Ilé, Lọ́ńdọ̀nù

Tèmi le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá ọkọ mi ṣe aṣòfin l'Ábújà títí di 2015. Nígbà tí a fẹ́ ra ilé, báńkì dá owó wa dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òfin 2017 tibí lórí owó ìdọ̀tí ka ìyàwó ọmọ mọ́ ẹbí, ni mo ṣe kó sí i. Lọ́yà wa ló ka òfin náà tán: tí ẹni náà bá ti kúrò nípò, ó kéré tán wọ́n á ṣọ́ òun fúnra rẹ̀ fún oṣù 12 sí i, ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ ti bọ́ lọ́jọ́ tó kúrò. Ó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, owó jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò fi sùn, torí ìlà tí ẹnikẹ́ni ò kà.

Láti oṣù January 2024, wọ́n ní kí báńkì ka ewu olóṣèlú tibí sí kékeré ju ti ilẹ̀ òkèèrè lọ. Ó dùn mí, àmọ́ lẹ́yìn ohun tí Òṣìṣẹ́ Báńkì kọ sókè yẹn, ó yé mi.

Ọmọ Alága, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun o. Mo sọ fún Bàbá lálẹ́ àná. Kò sọ nǹkan kan, ó wọ yàrá, ó gbé páálí bàtà kan jáde. Rìsíìtì kòkó ló wà nínú rẹ̀, ó fi okùn dì wọ́n lọ́dọọdún, ìwọ̀n kílò àti iye owó wà lára gbogbo wọn. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti kúrò ní káńsù lòun ti ń retí ẹni tí yóò bi òun.

A jọ dé báńkì láàárọ̀ yìí. Máníjà kà á títí, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Wọ́n ní ó di Ọjọ́bọ̀.