Òkúnjẹlẹ̀ ni mo fara mọ́, kì í ṣe àgbàrá etíkun

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ tí a fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹnìkan nínú wa mú gbólóhùn kan wá láti inú ìwé ìlanilọ́yẹ̀ tó ń túmọ̀: "Àyípadà ojú ọjọ́ ló ń fa àgbàrá etíkun." Ó ní kí a bá òun wò ó bóyá ó yéni. Àwọn mẹ́ta fèsì pé ó yé wọn yékéyéké. Ó yé èmi náà, ṣùgbọ́n ohun tó yé mi kọ́ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ létí òkun, níbi tí ìgbì ti ń jẹ ilẹ̀ wọnú (coastal erosion).

Ẹ jẹ́ ká ti orí àgbàrá bẹ̀rẹ̀. Òjò ló ni àgbàrá, òkun kò ní in. Nígbà tí àwọn àgbà ń pa á lówe, àgbàrá òjò ni wọ́n ní kò sọ pé òun ò nílé wó, tí onílé ni kò gbà fún un. Òkè ló ti ń ṣàn wá sísàlẹ̀, ó ń wá ojú odò lọ, bí òjò bá sì ti dá, kò pẹ́ tí òun náà á fi gbẹ. Ti òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ìgbì ti ń ṣe tirẹ̀: á máa lu ẹsẹ̀ bèbè, á máa jẹ ẹ́ wọnú, títí ìdí bèbè yóò fi dòfìfo tí orí rẹ̀ á dà wó sínú omi. Òjò lè má rọ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí ìgbì ṣì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí a bá pe èyí ní àgbàrá, ojú òǹkàwé yóò lọ sí kòtò tí omi òjò gbà kọjá, yóò sì rò pé bí a bá la gọ́tà, ọ̀rọ̀ ti parí. Gọ́tà kò lè gba bèbè òkun sílẹ̀.

Ẹlòmíràn dábàá omíyalé. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe. Nínú omíyalé, omi wọlé, omi jáde, a sì tún padà wá gbálẹ̀ ilé. Nínú ohun tí à ń wá orúkọ fún yìí, ilẹ̀ tí ilé dúró lé gan-an ni kò sí mọ́. Ti ìfàsẹ́yìn etíkun ńkọ́? Ó fi hàn pé ojú ibi tí ilẹ̀ parí sí ń sún, ìyẹn sì dára, àmọ́ kò sọ ẹni tó ń tì í. Yàtọ̀ sí ìyẹn, etí wa ti mọ ìfàsẹ́yìn mọ́ iṣẹ́ tí kò tẹ̀síwájú.

Ohun tí àwọn tó ń gbé nítòsí omi ń sọ ni pé "òkun ń jẹ ilẹ̀." Kí ló dé tí a ó fi ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu ènìyàn sílẹ̀ lọ máa hun òmíràn? Bí a ṣe sọ "omi ya ilé" di omíyalé, bẹ́ẹ̀ náà ni "òkun jẹ ilẹ̀" yóò di òkúnjẹlẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ohùn orí -kún. Ohùn òkè tó máa ń wà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe ló bọ́ síbẹ̀, irú èyí tó wà lórí -mí nínú omíyalé. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ ní òkunjẹlẹ̀. Ohùn òkè yẹn ló ń jẹ́ ká gbọ́ gbólóhùn tó fara pamọ́ sínú orúkọ náà.

Mo mọ àtakò tó ń bọ̀, nítorí ẹnìkan ti fọ̀rọ̀ lọ̀ mí. Ó ní ohun tí a bá jẹ ti tán, bẹ́ẹ̀ òkun kì í jẹ yanrìn tán, ńṣe ló ń kó o láti ibì kan lọ síbòmíràn. Òótọ́ ni. Bí ìgbì bá ń fẹ̀gbẹ́ lu etíkun, yóò máa wọ́ yanrìn lọ lẹ́bàá ilẹ̀, ohun tí apá kan pàdánù, apá kejì lè jèrè rẹ̀. Àwọn etíkun kan wà tí ìgbì líle ń kó yanrìn wọn wọnú omi lásìkò ìjì, tí ìgbì pẹ̀lẹ́ sì ń dá a padà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ọ̀rọ̀ méjì la nílò. Ìkóyanrìn ni kí a máa pe lílọ bíbọ̀ yẹn. Bí ohun tó lọ bá pọ̀ ju ohun tó bọ̀ lọ lọ́dọọdún, tí ilẹ̀ sì ń dín kù, ìgbà yẹn ló di òkúnjẹlẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú òkúngbélẹ̀ láti lè tẹ́ alátakò mi lọ́rùn, àmọ́ gbélẹ̀ jọ gbélé, èyí tó túmọ̀ sí kí ènìyàn jókòó sílé, ó sì da gbogbo rẹ̀ rú.

Ẹ tún wo odò Náílì. Ọdún 1970 ni wọ́n parí ìdídò ńlá ti Aswan ní Íjíbítì. Ẹrẹ̀ tí odò náà ń gbé wá sí ẹnu òkun há sẹ́yìn ògiri ìdídò yẹn, òkun kò sì dẹ́kun kíkó tirẹ̀. Òkun túbọ̀ ń jẹ etíkun ibẹ̀ gan-an. Ìdídò ló fa èyí jù lọ, kì í ṣe ojú ọjọ́, bẹ́ẹ̀ òkúnjẹlẹ̀ ni.

Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn mi kejì wà: "ló ń fa." Òkun ti ń jẹ ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wa èédú nínú ilẹ̀. Ní Holderness, ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bèbè amọ̀ ń sún sẹ́yìn ní nǹkan bí mítà 2 lọ́dún, láti ayé àwọn ará Róòmù ni ó sì ti ń gbé abúlé mì. Bí a bá kọ ọ́ pé àyípadà ojú ọjọ́ "ló ń fa" á, ẹnikẹ́ni tó bá mọ irú ìtàn yìí yóò já wa nírọ́, kò sì ní gbọ́ òótọ́ tó kù lẹ́nu wa. Òótọ́ yẹn sì wúwo. Omi tó bá gbóná a máa wú, yìnyín orí ilẹ̀ tó ń yọ́ sì ń ṣàn kún un. Gẹ́gẹ́ bí ìjábọ̀ IPCC (ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí àyípadà ojú ọjọ́) ti ọdún 2021 ṣe sọ, òkun ga sí i ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 láàárín 1901 sí 2018. Ní ìbẹ̀rẹ̀, títí di 1971, mìlímítà 1.3 ló ń fi ga lọ́dún. Láàárín 2006 sí 2018, ó ti di 3.7. Ìgbì tó gun orí omi tó ga yóò dé ibi tí kò dé rí. Nítorí náà, "ń mú un le sí i" tàbí "ń mú un yá sí i" ló yẹ ibẹ̀.

Nínú ìwé ìlanilọ́yẹ̀ kan náà, mo rí "ríru omi òkun" fún gíga tí òkun ń ga. Òkun tó ń ru ń bínú ni. Ó ń ru lónìí, ó lè rọ̀ lọ́la. Ẹ jẹ́ ká fi ríru sílẹ̀ fún ti ìjì, kí èyí sì máa jẹ́ ìgasókè òkun. Mìlímítà 3.7 lọ́dún kò pariwo, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe kò kéré. Per Bruun, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Denmark, kọ ọ́ ní 1962 bí ìgasókè òkun ṣe ń jẹ etíkun. Ìṣirò tí wọ́n fà yọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé etíkun oníyanrìn lè sún sẹ́yìn ní ìlọ́po 50 sí 100 ìwọ̀n tí òkun fi ga. Sẹ̀ǹtímítà kan péré lè gba ìdajì mítà sí odidi mítà kan. Ní 2004, àwọn onímọ̀ nípa etíkun méjì, Cooper àti Pilkey, ní kí a pa ìṣirò yẹn tì pátápátá, nítorí kò ka àpáta àti ìkóyanrìn sí. Mo fara mọ́ wọn pé kì í ṣe ìwọ̀n tí a lè gbé lé gbogbo etíkun, àmọ́ ó fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó hàn wá.

Ti "ojú ọjọ́" ńkọ́? Bí ẹnìkan bá sọ lọ́sàn-án pé ojú ọjọ́ yí padà, aṣọ tí a sá síta la ó sáré lọ kó. Àjọ WMO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lágbàáyé, ń fi ọdún 30 wọn ohun tí à ń sọ yìí, kì í ṣe ọjọ́ kan, nítorí náà ìṣesí ojú ọjọ́ ló sún mọ́ ọn jù lọ. N kò ní ká yọ "àyípadà ojú ọjọ́" kúrò, rédíò ti gbé e wọlé. Kí a kàn kọ "àyípadà nínú ìṣesí ojú ọjọ́" nígbà àkọ́kọ́ tó bá jáde nínú ìwé. Kí olùtumọ̀ sì wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀ dáadáa: nínú àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí àyípadà ojú ọjọ́ ti 1992, àyípadà tí ọwọ́ ènìyàn dá sílẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn dúró fún, ṣùgbọ́n IPCC ń fi ti ìṣẹ̀dá fúnra rẹ̀ kún un.

Ibì kan ṣoṣo ni òkúnjẹlẹ̀ ti há mi lọ́fun: etíkun àríwá Alaska, ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ ibẹ̀ dì, yìnyín ló so erùpẹ̀ rẹ̀ pọ̀, yìnyín orí omi sì máa ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìgbì. Ní báyìí, yìnyín orí omi ń tètè lọ, ó ń pẹ́ kó tó padà, omi tó gbóná sì ń yọ́ ìdí bèbè. Ooru ń yọ́ ọ, òkun ń kó o. Ṣé òkun nìkan ló jẹ ẹ́? Mo ṣì ń pè é ní òkúnjẹlẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó gba àwọn méjèèjì, kó fi ránṣẹ́.

Ní ti gbólóhùn tí a béèrè, bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ nìyí: "Ayé tó ń gbóná ń mú òkun ga sí i, òkun tó ga sí i sì ń jẹ ilẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀."