“Agbára iná” nìkan kò tó fún iná ẹ̀rọ amúlétutù

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Àbá tó wà níwájú wa ni pé, nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà fún ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ amúlétutù sílé, kí á máa pe gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà ń béèrè lọ́wọ́ iná ní “agbára iná,” kí á sì máa pe ìwé tó bá iṣẹ́ náà rìn ní “ìwé ẹ̀rí.” Ọ̀rọ̀ méjèèjì dùn létí, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí wọn bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n pa pọ̀ sójú kan ni ó ń jó ilé.

Ẹ wo bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nígboro. Bí iná bá wálẹ̀ láti fóólítì 230, tó yẹ kó jẹ́ ní Nàìjíríà, sí 160, tí kọ̀ḿpírẹ́sọ̀, ẹ̀yà tó ń fún gáàsì inú ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀, ń kùn tí kò gbéra, a ó ní “iná kò gbé e” tàbí “lóò kọ́rẹ́ǹtì ni.” Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kọ́rẹ́ǹtì kọ́ ló kéré níbẹ̀: ohun tó ń ti iná, ìyẹn fóólítì, ni kò tó, nígbà tí kọ́rẹ́ǹtì tí kọ̀ḿpírẹ́sọ̀ tí kò lè yí náà ń fà ga ju ti ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ, títí yóò fi gbóná. Ẹni tí a bá sọ fún pé “agbára iná kéré” yóò lọ ra sitẹbiláísà, ẹ̀rọ tó ń mú fóólítì dúró déédéé. Ó dára, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù ni wọ́n so ẹ̀rọ họ́ọ̀sì kan àtààbọ̀ mọ́, sitẹbiláísà kò ní kí wáyà náà má yọ́. Wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló yẹ kó ti inú bọ́ọ̀dù wá, pẹ̀lú bírékà tirẹ̀ àti wáyà tó wọ inú ilẹ̀ lọ (ẹ́ẹ̀tì).

Àbá tèmi ni kí á pe ohun tí a ń fi fóólítì wọ̀n ní “ipá iná,” nítorí ipá ni a fi ń ti nǹkan. Kí á pe èyí tí a ń fi áńpíà wọ̀n ní “ìṣàn iná”. Kí “agbára iná” sì wà fún wáàtì nìkan, èyí tí a ń rí bí a bá sọ ipá di ìlọ́po ìṣàn. Nígbà náà, a lè kọ ọ́ pé ẹ̀rọ tó ń jẹ agbára wáàtì 1,150 lórí ipá fóólítì 230 ń fa ìṣàn bí áńpíà 5, oníṣẹ́ iná yóò sì mọ wáyà tí yóò rà.

Ti “ìwé ẹ̀rí” kò gùn. Àjọ NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tó ń rí sí ààbò iná, tí òfin ọdún 2015 dá sílẹ̀, ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé pé wọ́n mọṣẹ́, ó sì tún ń yẹ iná tí wọ́n ti fà wò, kí ó tó fún ìyẹn náà ní ìwé tirẹ̀. Ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo fẹ́ kí á pe ti ènìyàn ní “ìwé ẹ̀rí ìmọṣẹ́,” kí á sì pe ti wáyà ní “ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò,” kí onílé tí wọ́n fi èkíní hàn lè mọ̀ pé ó ṣì yẹ kí òun béèrè èkejì.