FreeCAD: báwo ni mo ṣe lè so páìpù méjì pọ̀ tí inú wọn kò fi ní dí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ FreeCAD dáadáa, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán 3D. Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Oníbàárà mi kan tó ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe ní Mushin ní kí n bá òun fi 3D printer tẹ ìsopọ̀ páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta, èyí tó rí bíi lẹ́tà T. Ó ti wá a títí ní Aláàbà, kò rí i rà.

Sílíńdà ni mo fi ya páìpù méjèèjì: ìta 32 mm, inú 26 mm. Mo kọ́kọ́ fi Cut gbẹ́ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni mo fi Fuse so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá wò ó láti ìta, ó dára. Àmọ́ nígbà tí mo là á sí méjì kí n lè rí inú, ara páìpù tó nàró ti yọ wọ inú èyí tó dùbúlẹ̀, ó dí ojú ọ̀nà omi. Mo fà á sẹ́yìn kó má wọlé mọ́, ara èyí tó dùbúlẹ̀ ló tún wá bo ẹnu rẹ̀, àlàfo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé. Omi á máa jò níbẹ̀, ìyẹn ló ń kó mi láyà sókè.

Mo ti lo Refine, èyí tó máa ń pa àwọn ìlà tí kò wúlò rẹ́ lára àwòrán, kò yí nǹkan kan padà.

Ṣé kí n kọ́kọ́ Fuse sílíńdà ìta méjèèjì, kí n Fuse ti inú lọ́tọ̀, kí n wá fi Cut yọ ti inú kúrò lára ti ìta? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé bí méjèèjì ṣe fẹ̀ dọ́gba kò ní dá wàhálà sílẹ̀, àbí kí n dín ọ̀kan kù díẹ̀?